Aṣọ kóòtù kan fẹ́ tú wa ká: báwo lẹ ṣe ń rin ìrìn ṣọ́ọ̀bù ṣárítì pẹ̀lú ọ̀rẹ́?

Abẹ̀kẹ́ ará Reading

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí lè pa yín lẹ́rìn-ín, àmọ́ kò pa èmi lẹ́rìn-ín rárá.

Àwa mẹ́rin ni. Iṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló pa wá pọ̀ ní 2019. Ìgbàkigbà tí gbogbo wa bá rí Sátidé kan náà gbà, inú mọ́tò mi la máa ń kó sí, Corsa kékeré kan báyìí, a ó sì máa ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, ṣọ́ọ̀bù ṣárítì là ń wá kiri, àwọn ibi tí wọ́n ti ń ta ohun àlòkù tí èèyàn fi tọrẹ, kí owó ẹ̀ lè lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú. Àwọn ọmọ mi ní ṣé kò sí irú ẹ̀ ní Reading ni. Ó wà, ó sì pọ̀, àmọ́ mo ti mọ gbogbo háńgà ibẹ̀ lórúkọ.

Ní oṣù kẹwàá tó kọjá, a mú ọ̀nà A4074 pọ̀n. Wallingford la kọ́kọ́ yà sí, ibẹ̀ sì dùn. Mo rí àwo Pyrex kan tí wọ́n tẹ JAJ, àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é, sí nídìí, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Sunderland láyé ọjọ́un, kí wọ́n tó ti ilé iṣẹ́ náà pa ní 2007. £3 péré. Ẹ̀gbọ́n wa, ẹni tó dàgbà jù nínú wa, wọ ibi tí wọ́n to ìwé sí, a ò sì rí i mọ́ fún odidi wákàtí kan. Ìwé mélòó ló rà? Ẹyọ kan. Ìwé nípa ẹyẹ.

Abingdon ni nǹkan ti yí padà. Ọ̀rẹ́ wa kan, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Ìyá Ìbejì, rí àga onígi tó máa ń mì síwá sẹ́yìn, £25. Kò bi ẹnikẹ́ni, ó sanwó. Ìgbà tí a gbé e dé ìdí mọ́tò ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé búùtù Corsa ò ju ibi tí báàgì ìrajà mẹ́rin lè dùbúlẹ̀ sí lọ. A tẹ ìjókòó ẹ̀yìn kan síwájú, a ti àga wọlé, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan sì ń gún mi létí láti Abingdon títí dé Oxford. Èmi tí mo ń wakọ̀ nìyẹn o! Àwọn méjì tó wà lẹ́yìn wá jókòó bí ẹja inú agolo.

A gbé mọ́tò sí Redbridge, ibi ìgbọ́kọ̀sí kan létí Oxford, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí àárín ìlú. Ẹ̀gbọ́n wa ló ní dandan ni kí a dé Broad Street, torí pé ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ aláàánú Oxfam ti ní ṣọ́ọ̀bù wọn àkọ́kọ́ ní ìparí 1947. A dé ibẹ̀, a wò ó, Ẹ̀gbọ́n ya fọ́tò. Kò sí wàhálà.

Ṣọ́ọ̀bù tí a yà sí lẹ́yìn ìyẹn ni kóòtù tí mò ń sọ wà. Harris Tweed, aṣọ onírun àgùntàn, aláwọ̀ ewé, aṣọ inú ẹ̀ ò ya, lébẹ́lì tó ní àmì ayé pẹ̀lú àgbélébùú lórí wà lára ẹ̀. £18. Ọ̀rẹ́ wa kẹta, Sísí, ló fà á jáde láàárín àwọn yòókù. Ó gbé e wọ̀, ó yípo níwájú dígí, gbogbo wa pariwo. Ó wá bọ́ ọ, ó gbé e lé orí pẹpẹ bàtà, ó ń tú báàgì ẹ̀ wá awò ojú kó lè ka iye owó. Kó tó gbójú sókè, Ìyá Ìbejì ti dé káńtà, ó ti ń fi káàdì sanwó.

Ó ní, "Mo rò pé o ò fẹ́ ẹ mọ́ ni."

Sísí ò dáhùn. Kò dáhùn nínú bọ́ọ̀sì, kò dáhùn nínú mọ́tò, ó di ìkòkò tíì tó rà mọ́ àyà títí a fi délé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn méjèèjì ò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá jọ wà níṣẹ́, èmi ni wọ́n ń rán síra wọn. "Sọ fún un pé ìyàrá 12 ń tẹ aago."

Wọ́n ti ń kí ara wọn báyìí, a sì fẹ́ tún jáde. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé: báwo ni mo ṣe máa là á kalẹ̀ pé báyìí la ó ṣe, láìdà bíi hẹ́dímísìrẹ́ẹ̀sì? Ìlú mélòó ló tó fún ọjọ́ kan? Ọ̀kan níbi iṣẹ́ wa sì tún fẹ́ bá wa lọ, àmọ́ òun máa ń tún ohun tó bá rà tà lórí Vinted, ọjà àlòkù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Ṣé mo ń ṣe ìmọtara-ẹni-nìkan ni?

Baba Jókòó-Sí-Mọ́tò

Arábìnrin wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀yin ẹ tiẹ̀ ń wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni mo máa ń gbé, ojú wíńdò mọ́tò ni mo ti mọ gbogbo ìlú kéékèèké ilẹ̀ yìí.

Ìlú mẹ́ta ti pọ̀ jù. Ẹ mú méjì, kí ó jẹ́ ìlú tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ti tò ti ara wọn lójú pópó kan, tí ẹ fi lè gbé mọ́tò sí ojú kan kí ẹ fẹsẹ̀ rìn. Àsìkò tí èèyàn fi ń wá ibi tó máa gbé mọ́tò sí ló ń jẹ ọjọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù yìí á sì ti ilẹ̀kùn tó bá di aago márùn-ún tàbí ṣáájú, ọ̀pọ̀ ni kì í ṣí lọ́jọ́ Sunday rárá, nítorí náà tí ẹ bá kúrò nílé laago mọ́kànlá, ẹ ti pàdánù ìdajì.

Ti owó páàkì ńkọ́? Ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ti káńsù ní England, tí àkókò tí ẹ san bá pé, ìṣẹ́jú 10 ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀ kí wọ́n tó lè fún yín ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ìyàwó mi gbọ́ èyí lẹ́nu mi lẹ́ẹ̀kan, ó sọ ọ́ di ìṣẹ́jú 40. Mo sanwó ẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn wọ́n ní ká gba apá Richmond, àwọn ọlọ́lá ló ń gbé ibẹ̀, aṣọ wọn á dáa. Òótọ́ ni, aṣọ wọn dáa. Ṣùgbọ́n ògbólógbòó onídísẹ́ẹ̀lì ni mọ́tò mi, ULEZ, owó tí London ń gbà lórí mọ́tò tí èéfín ẹ̀ burú, sì gba £12.50 lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Ìyàwó mi ra síkáàfù £4. Ẹ bá mi ṣírò iye tí síkáàfù yẹn jẹ́.

Àṣẹ kan ṣoṣo ló wà nínú mọ́tò tèmi: ohun tí kò bá lè wà lórí itan ẹni tó rà á, kó bi dẹ́rẹ́bà kó tó sanwó. Dẹ́rẹ́bà lẹ̀yin náà, ẹnu yín ni kó ti jáde. Owó epo náà, kí wọ́n san án kí ẹ tó kúrò nílé, torí lójú ọ̀nà àbọ̀, kò sẹ́ni tí owó ṣì kù lọ́wọ́ ẹ̀.

Àǹtí Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀bù

Ẹ̀yin Abẹ̀kẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń fi gbogbo ọjọ́ Wẹ́sìdeè mi ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù ṣárítì kan lápá Leeds. Ẹ̀yìn ni mo máa ń wà, níbi tí báàgì ti ń wó lu èèyàn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti Sísí, torí ó dùn mí. Tí ẹ bá rí ohun tó wù yín, tí ọwọ́ yín sì dí, ẹ gbé e fún ẹni tó wà ní káńtà. Ẹ ní, "Ẹ bá mi mú èyí dání, mo ṣì ń wò kiri." Á gbé e sẹ́yìn fún yín. Kò sí owó kankan níbẹ̀. Ká ní Sísí ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ì bá tú báàgì ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èyí tí wọ́n bá gbé lé orí pẹpẹ bàtà, ní tiwa, ó ti dọjà padà.

Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìyá Ìbejì rí i tí ó wọ̀ ọ́, ó gbọ́ ariwo tí ẹ pa. Harris Tweed kì í ṣe aṣọ tí èèyàn ń rí lójoojúmọ́: òfin 1993 sọ pé tí kì í bá ṣe àwọn ará erékùṣù Outer Hebrides lápá Scotland ló fọwọ́ hun ún nílé ara wọn, kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ yẹn. Ẹni tó kọ £18 sí i lára, kò ka lébẹ́lì ni. Àwa náà máa ń ṣe irú ẹ̀ tó bá ti rẹ̀ wá.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé ọjọ́ wo la ń kó ọjà tuntun síta. Kò sí ọjọ́ kan báyìí. Bí báàgì ṣe ń wọlé là ń tú u. Èyí tó ní àbàwọ́n kúrò lọ́tọ̀. Èyí tó mọ́, tí bọ́tìnì ẹ̀ pé, a ó fi ẹ̀rọ oru nà án, a ó lẹ iye owó mọ́ ọn, a ó sì kọ ọ̀sẹ̀ tó jáde sí i. Tó bá lo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí irin tí kò tà, a ó yọ ọ́: bóyá kó lọ sí ẹ̀ka mìíràn, bóyá kó wọ inú àpò àwọn tó ń ra aṣọ ní kílò. Àpò yẹn ló ń di bẹ́ẹ̀lì, tí bẹ́ẹ̀lì ń wọ ọkọ̀ òkun. Òkìrìkà tí ìyá mi ń bẹ̀rẹ̀ ṣà lọ́jà nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù bíi tiwa ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti gbéra. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ di ọ̀kan nínú àpò yẹn, mo jókòó lé e lórí, mo rẹ́rìn-ín, ọ̀gá wa rò pé orí mi ti dàrú.

Nítorí náà, ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú yín di báàgì kan ohun tí ò lò mọ́ láti ilé, kí ẹ jù ú sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́. Búùtù á ṣí, ọwọ́ yín á sì mọ́. Tí owó orí tí ẹ ń san nílẹ̀ yìí bá tó o, ẹ fọwọ́ sí Gift Aid: lórí £1 kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá rí lórí ẹrù yín, ìjọba á fi 25p kún un fún ṣárítì náà, láìgba kọ́bọ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ná ọjà. Mo mọ̀ pé ara wa ló wà. Tí síìpù bá bà jẹ́, ẹ fi han màníjà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó lè yọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí £6 tó ní òun á san £2, owó ìwòsàn ẹlòmíràn ló ń ná yẹn.

Ti àga Ìyá Ìbejì, igi lásán ni, kò burú. Tó bá jẹ́ àga onítìmùtìmù ni, kí ẹ máa wo lébẹ́lì iná lábẹ́ ẹ̀. Láti 1988 ni òfin ti sọ ohun tí irú àga bẹ́ẹ̀ gbọdọ̀ ní kó má baà gbaná kíákíá. Èyí tí wọ́n bá ti gé lébẹ́lì ẹ̀ kúrò, a kì í gbà á rárá. Ó máa ń ká mi lára tí wọ́n bá gbé sófà tó rẹwà wá tí a ní kí wọ́n gbé e padà.

Ẹni tó ń tà lórí Vinted? Nínú àpótí tiwa, owó ẹ̀ àti owó tiyín, ọ̀kan náà ni. A ò lé e. Àmọ́ ọjà ló bá lọ, ọ̀rẹ́ lẹ̀yin bá lọ, mọ́tò kan ṣoṣo kò lè gbé ìrìn méjèèjì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Kent

Èmi gan-an ni ẹni tí ẹ ń sá fún yìí, torí náà ẹ jẹ́ kí n gbẹnu mi sọ̀rọ̀.

Mo ń rà, mo ń tún un tà. Kì í ṣe olè. Mo ń fọ̀ ọ́, mo ń rán ibi tó ya, mo ń ya fọ́tò ẹ̀, mo ń tò sórí ìlà ní posí-ọ́fíìsì. Tí iye tí mo tà lọ́dún bá ti kọjá £1,000, mo gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn agbowó orí, mo sì ń sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní gbànjo, iṣẹ́ ni lọ́wọ́ mi.

Ẹ má sì rò pé ojú mi mú ju tiyín lọ. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, mo rí ṣíbí mẹ́fà nínú páálí aláwọ̀ búlúù, wọ́n ń dán, mo ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà mi, fàdákà rèé. Mo san £30. Mo délé, mo gbé dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá, mo rí lẹ́tà mẹ́rin: EPNS. Fàdákà tí wọ́n kàn fi kun ara ẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Ojúlówó tí wọ́n ṣe ní England, kìnnìún tó ń rìn ni ẹ ó rí lára ẹ̀. Èmi ò rí kìnnìún kankan. Ṣíbí yẹn la fi ń jẹ ògì nílé wa títí dòní.

Ṣùgbọ́n àǹtí tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn yẹn gba tèmi. Èmi náà kì í bá ọ̀rẹ́ lọ. Ọ̀rẹ́ á ní ká jókòó mu tíì, èmi sì mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ló kù. Ẹ sọ fún obìnrin yẹn pé ẹ ó jọ jẹun ní ọjọ́ mìíràn. Tó bá jẹ́ ọlọ́jà lóòótọ́, kò ní bínú.

Ti kóòtù: Sísí ló ni ín. Ẹni tó wọ nǹkan tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ pariwo, ó ti rà á tán, owó ló kù.

Baba Jókòó-Sí-Mọ́tò

Sísí ló ni ín. Mo bi ìyàwó mi, ó ní òun náà ì bá sáré lọ sí káńtà. Mo ti ń ṣọ́ kóòtù mi.

Àṣàkẹ́ Alábẹ́rẹ́

Ẹ má bínú pé mo yà kúrò lórí ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ìyá Ìbejì tó ra kóòtù yẹn, ṣé ó kó o sínú fìrísà? Aṣọ onírun àgùntàn tí ẹ bá rà báyìí, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ jẹ́ kó lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú fìrísà kó tó wọ inú wọ́dúróòbù. Kòkòrò tó ń jẹ aṣọ máa ń fi ẹyin sí i, ojú ò sì rí i. Mo pàdánù súwẹ́tà mẹ́ta torí ẹyọ kan tí mo rà ní £5. Mo ń ránṣọ ni, mo mọ ohun tí ihò kékeré ń dà.

Abẹ̀kẹ́ ará Reading

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti lọ, mo ti bọ̀, mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo sọ fún oníVinted bí Ọmọ Ìjẹ̀bú ṣe ní kí n sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti ń wá ọ̀nà tí òun á fi sọ fún mi pé a máa ń pẹ́ jù nídìí oúnjẹ.

Mo gbé àṣẹ itan sórí WhatsApp wa ní alẹ́ Fúráìdeè. Mo ní Baba Jókòó-Sí-Mọ́tò ló ṣe é, kì í ṣe èmi. Owó epo wọlé kí n tó sùn, £5, £5, £5. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé báàgì kan wá, àfi Ẹ̀gbọ́n tó gbé méjì: ìwé. Mo bi í pé ṣé ìwé ẹyẹ náà wà níbẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbá mi létí.

Ìlú méjì péré, Henley àti Marlow, ojú ọ̀nà A4155 kan náà. A gbé Ẹ̀gbọ́n sí ibi ìwé, a fún un ní ìṣẹ́jú 40, ó sì jáde ní ìṣẹ́jú 45, mo dúpẹ́. Gbogbo ohun tí a fẹ́ràn la gbé fún àwọn tó wà ní káńtà bí Àǹtí ṣe wí. Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Marlow, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti gbé nǹkan sẹ́yìn débi tí bàbá arúgbó tó wà níbẹ̀ mú pẹ́pà wá, ó ní ká sọ orúkọ wa. Ó gbìyànjú orúkọ Sísí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wá kọ "yellow scarf".

Ohun tí mo ṣì fẹ́ sọ gan-an nìyí. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo lọ gbé Ìyá Ìbejì nílé ẹ̀. Ẹ mọ ohun tó wọ̀? Kóòtù yẹn. Mo rí i tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, àyà mi já. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, nínú gbogbo aṣọ." Ó ní òtútù ń mú. Sísí ti wà nínú mọ́tò, níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó kọjú síwájú. Láti ibẹ̀ dé Henley, ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò wa. Ẹ̀gbọ́n ṣe bí ẹni tó ń sùn.

Bí mo ṣe ń wá ibi tí mo máa gbé mọ́tò sí báyìí, Sísí yíjú padà, ó nawọ́ sẹ́yìn, ó di ọwọ́ kóòtù náà mú. Ó ní, "Bọ́tìnì yìí ti fẹ́ já. Báyìí lo ṣe ń tọ́jú ẹ̀?" Ìyá Ìbejì ní òun ò rí i. Sísí ní, "O ò lè rí i. Bọ́ ọ, fún mi." Ó fi eyín já òwú tó kù, ó gbé bọ́tìnì náà lé mi lọ́wọ́ pé kí n bá òun tọ́jú ẹ̀, òun á wá òwú tó bá àwọ̀ ẹ̀ mu. A wá òwú náà ní Henley, a wá a ní Marlow, a ò rí aláwọ̀ ewé tó jọ ọ́.

Sísí ló gbé kóòtù lọ sílé, torí òun ló máa rán an. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé. Bọ́tìnì ṣì wà nínú pọ́ọ̀sì mi, kò sì tíì sí ẹni tó béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ mi.